Òmùwẹ̀ Ní Í Bá Omi Lọ: Eré-Ìje Onípele Mẹ́ta Nínú Òjò àti Ìjì

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ." Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òde Ugbò, mo máa ń rò pé àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣé kì í ṣe ẹni tí kò mọ ìwẹ̀ ni ó yẹ kí omi gbé lọ? Ilẹ̀ odò Ìlàjẹ ni a bí mi sí. Ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ wa níbẹ̀, mo sì ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B. Mo gbà pé èmi àti omi ti mọ ara wa tán. Àfi ìgbà tí ó di ọjọ́ kan báyìí ní oṣù Keje, nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ni òwe náà tó yé mi.

Eré-ìje kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní triathlon ni mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí, pàápàá jù lọ irú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ọ̀nà jíjìn, àti ohun tí ojú ọjọ́ burúkú máa ń fi í ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkàwé wa yóò béèrè pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ gígùn àti eré sísá. Ẹ fara balẹ̀. Bí a bá dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, a ó rí i pé òwe kan tí gbogbo wa mọ̀ ni ó jókòó síbẹ̀.

Kí ni eré-ìje onípele mẹ́ta?

Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà triathlon yọ. "Tri" dúró fún ẹ̀ta, "athlon" sì jẹ mọ́ ìdíje. Mo pè é ní eré-ìje onípele mẹ́ta nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò lúwẹ̀ẹ́, tí yóò gun kẹ̀kẹ́, tí yóò sì tún fi ẹsẹ̀ sáré, láìsinmi láàárín ọ̀kan sí èkejì. Aago kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí eléré bá ti ń jáde nínú omi ni ó ń wá kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ìbáà jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974 ni wọ́n ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí, ní Mission Bay ní ìlú San Diego, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Jack Johnstone àti Don Shanahan ni wọ́n ṣètò rẹ̀, ènìyàn 46 ni ó sì kópa. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sọ eré náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni ti erékùṣù Hawaii. Àríyànjiyàn ni ó bí i. Àwọn kan ní àwọn òmùwẹ̀ ni ara wọn le jù lọ láàárín àwọn eléré. Àwọn mìíràn ní rárá, àwọn asáré ni. Àwọn mìíràn sì fi ti àwọn agunkẹ̀kẹ́ ṣe tiwọn. John Collins, ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, dábàá pé kí wọ́n so ìdíje mẹ́ta tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ pọ̀, kí àríyànjiyàn parí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1978, ènìyàn 15 bẹ̀rẹ̀ eré náà, ènìyàn 12 ni ó sì parí rẹ̀. Gordon Haller ni ó ṣe ipò kìn-ín-ní, ní wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Ìwẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 3.86, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 180, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 42.2. Títì márosẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 128. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Èkó tí ó dé Ìbàdàn kò ì tíì parí ìpele kejì. Bẹ́ẹ̀ ni kò ì tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láti sáré. Eléyìí ni wọ́n ń pè ní Ironman, èyí tí a lè túmọ̀ sí Ọkùnrin Onírin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin náà ń ṣe é láti ọdún 1979 tí Lyn Lemaire ti kọ́kọ́ parí rẹ̀. Èyí tí wọ́n mú wọ inú Ìdíje Òlíńpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000 kúrú ju èyí lọ: ìwẹ̀ kìlómítà 1.5, kẹ̀kẹ́ 40, ẹsẹ̀ 10.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i. Ìwẹ̀ ni ó máa ń ṣíwájú. Èyí kì í ṣe àdéédéé. Bí ó bá rẹ ẹni tí ń sáré, yóò jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ó bá rẹ agunkẹ̀kẹ́, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá rẹ̀ láàárín omi kò ní ibi tí yóò jókòó sí. Nítorí náà ni wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀ omi nígbà tí ara ṣì le.

Ìpele kẹrin tí a kì í kọ sínú ìwé

Bí a bá wo eré yìí fínnífínní, ìpele mẹ́rin ni ó ní. Ìkẹrin ni ojú ọjọ́. Kò sí ẹni tí í kọ ọ́ mọ́ àwọn ìpele tó kù, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń pinnu iye ènìyàn tí yóò dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí afẹ́fẹ́. Lójú omi, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ìgbì dìde. Ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìgbì kò rí ọ̀kánkán. Ó di dandan kí ó máa gbé orí sókè láti wo ibi tí ó ń lọ, gbígbé orí bẹ́ẹ̀ sì ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mí, ìgbì lè ti bo ẹnu rẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, ìṣirò kan wà níbẹ̀: bí eré ẹni bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá ni dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí agunkẹ̀kẹ́, àfi bí ẹni pé ènìyàn ń dì í mú láti ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn èyí ni òtútù. Ara ènìyàn máa ń wà ní nǹkan bí dígírì 37 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá wálẹ̀ tí kò pé 35 mọ́, ewu ti dé: ọwọ́ kò ní lè di nǹkan mú, ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní já gaara, ọpọlọ kò sì ní lè ṣe ìpinnu tí ó tọ́. Omi ń fa ooru kúrò lára kíákíá ju afẹ́fẹ́ lọ, nǹkan bí ìlọ́po 25. Àwọn tí wọ́n ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Norseman ní ilẹ̀ Norway láti ọdún 2003 máa ń fò láti inú ọkọ̀ ńlá bọ́ sínú omi tútù nini ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Aṣọ rọ́bà tí ó lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n ń wọ̀ kí òtútù má baà pa wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òtútù kò kan ọmọ ilẹ̀ olóoru. Omi odò wa kò tutù bí ti Norway, síbẹ̀ kò gbóná tó 37. Bí ènìyàn bá pẹ́ nínú rẹ̀, tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí òjò ń lù ú, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lára, ooru ara rẹ̀ yóò máa jò lọ díẹ̀díẹ̀ bí omi inú agbè tí ó sán.

Ooru pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀rẹ́. Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n òógùn kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ ẹ́. Níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ bí ti etí òkun wa, òógùn a kàn máa ṣàn lásán ni, ara kò ní tutù. Ní oṣù Kejì ọdún 1982, ní Hawaii, Julie Moss ni ó ṣíwájú gbogbo obìnrin títí ó fi kù díẹ̀ kí ó dé òpin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, ó ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú. Kathleen McCartney kọjá rẹ̀ níbẹ̀. Ìrákòrò ni Julie Moss fi parí eré náà ní ipò kejì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ní Cozumel ní ilẹ̀ Mexico, Jonny Brownlee ni ó ṣíwájú nígbà tí ooru mú un tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Alistair ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé bá a, ó gbé apá rẹ̀ lé èjìká, ó sì tì í kọjá ìlà ṣáájú ara rẹ̀. Henri Schoeman, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó gba ipò kìn-ín-ní lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn ni gbogbo ayé ń sọ.

Ohun tí ojú wa rí ní Òde Ugbò

Irú ìtàn báwọ̀nyí ni mo kà tí ó wọ̀ mí lórí. Nígbà tí mo dé ilé fún ìsinmi, mo sọ fún àbúrò mi ọkùnrin àti ọ̀rẹ́ wa kan pé àwa náà yóò ṣe tiwa. Ìwẹ̀ kò ṣòro. Odò wà níwájú ilé. Kẹ̀kẹ́ ni kò sí ọ̀nà fún. Mo bá dá ọgbọ́n kan tí mo fi yangàn gan-an nígbà náà: mo ní kí a fi ọkọ̀ àjẹ̀ dípò kẹ̀kẹ́. Eré ẹsẹ̀ ni a ó fi parí rẹ̀ ní etíkun. Ẹni tí kò bá mọ etíkun Ìlàjẹ lè rò pé iyanrìn funfun ni bí ti Badagry. Ẹrẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ mọ etíkun Mahin dáadáa nítorí ẹrẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ń sáré nínú rẹ̀, bí ó ti ń fa ẹsẹ̀ kan yọ ni èkejì ń rì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá wa àgbà tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ apẹja jáde síta. Ó wo ojú sánmà níhà òkun, ó wo omi, ó sì ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, omi kò gba àlejò lónìí. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la." A kí i, a ní "Ẹ ṣeun, bàbá." Lẹ́yìn tí ó wọlé, èmi ni mo sọ pé bí a bá dúró de ọ̀la ní oṣù Keje, a kò ní ṣe é mọ́. Mo tún fi kún un pé àwọn ti Hawaii kì í sá fún òjò. Irọ́ ni mo pa, bí ẹ ó ti rí i láìpẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nígbà náà.

Ìwẹ̀ lọ dáadáa. A la odò já ní àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àbúrò mi sì ṣíwájú wa, nítorí kò sí ẹni tí ó tó o nínú omi ládùúgbò wa. A bọ́ sínú ọkọ̀, oníkálùkù nínú tirẹ̀. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi dìde. Òjò tẹ̀ lé e, irú èyí tí kò jẹ́ kí a rí etí odò. Ìgbì ń da omi sínú ọkọ̀ mi. Bí mo ti ń wà á ni mo ń dúró gbọ́n omi. Mo pariwo pé kí a padà. Ohùn mi kò dé ibì kan.

Nígbà tí òjò fúyẹ́ díẹ̀, a rí ọkọ̀ àbúrò mi. Ó ti dojú dé, ó ń léfòó, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

N kò lè sọ bí àkókò náà ti gùn tó. Mo mọ̀ pé mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn fi há mi, mo sì ń ro ohun tí n ó wí fún ìyá wa. Ọ̀rẹ́ wa ni ó kọ́kọ́ rí i, ní ìsàlẹ̀ odò níbi tí a kò retí, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di gbòǹgbò igi etí omi mú. Ó ń gbọ̀n bí ewé. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe é, èsì rẹ̀ kò yé mi. Ọ̀rọ̀ ń dàpọ̀ mọ́ra lẹ́nu rẹ̀. Apẹja kan tí ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sáré bọ̀ láti òkun ni ó gbé wa délé. Wọ́n bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, wọ́n fi aṣọ gbígbẹ wé e, wọ́n sì ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀.

Bàbá àgbà kò bínú sí wa. Ó kàn bi àbúrò mi pé, "Kí ló dé tí o fi ọkọ̀ rẹ sílẹ̀?" Àbúrò mi dáhùn pé òun rò pé òun lè wẹ̀ dé etí odò ni. Bàbá àgbà mi orí. Ó ní ọkọ̀ tí ó dojú dé ṣì jẹ́ igi, igi kì í sì í rì. Ẹni tí kò mọ ìwẹ̀ ì bá ti dì í mú títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé, nítorí kò ní ohun mìíràn tí yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí ó mọ ìwẹ̀ ni ó jù ú nù, tí ó gbẹ́kẹ̀ lé apá ara rẹ̀. Ibi tí ó sọ èyí dé ni òwe yẹn ti là mí lójú. Kì í ṣe pé omi kórìíra òmùwẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí òmùwẹ̀ ní nínú ìmọ̀ rẹ̀ ni ó ń gbé e dé ibi tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò jẹ́ dé.

Àṣìṣe tèmi pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, pé ìwẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe kí ọ̀rọ̀ omi lè parí nígbà tí ara ṣì le. Nígbà tí mo fi ọkọ̀ dípò kẹ̀kẹ́, mo tún dá àwọn tí ó ti rẹ̀ padà sójú omi. Mo mú eré náà, mo sì fi ọgbọ́n inú rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn olùṣètò bá ní ó tó

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo tó lọ wá ìdí ọ̀rọ̀ bóyá lóòótọ́ ni àwọn ti Hawaii kì í sá fún òjò. Ohun tí mo rí dójú tì mí. Ní ọdún 1979, ìjì mú kí wọ́n sún ìdíje kejì wọn síwájú láti ọjọ́ Sátidé sí ọjọ́ Àìkú. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ kò wá mọ́. Ènìyàn 15 péré ni ó bẹ̀rẹ̀, Tom Warren ni ó sì borí. Ní ọdún 1980, òkun tún ru ní Waikiki, wọ́n sì gbé ìwẹ̀ lọ sí Ala Moana níbi tí omi ti rọlẹ̀.

Ó ń bẹ níbòmíràn pẹ̀lú. Ní Taupo, ní ilẹ̀ New Zealand, ní ọdún 2006, ìjì mú kí wọ́n fagi lé ìwẹ̀ pátápátá, wọ́n sì gé kẹ̀kẹ́ àti eré ẹsẹ̀ sí ìdajì. Ní ọdún 2012, níbẹ̀ náà, wọ́n sún un síwájú ní ọjọ́ kan, wọ́n sì tún dín in kù. Nínú Ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní ọdún 2024, òjò wẹ ìdọ̀tí ìlú sínú odò Seine, omi náà kò sì dára fún ara. Wọ́n sún ti àwọn ọkùnrin láti ọjọ́ 30 oṣù Keje sí ọjọ́ 31. Ẹ ro ti eléré tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún múra sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ní kí ó padà lọ sùn. Ó dájú pé ó dun púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀ wọ́n dúró, Alex Yee ará Bìrìtìkó sì gba wúrà ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó dúró de ọ̀la kò pàdánù ohunkóhun.

Kì í ṣe pé mo ń sọ pé kí a máa sá fún gbogbo òjò. Lọ́jọ́ kan náà tí àwọn ọkùnrin sáré ní Paris, òjò ti kọ́kọ́ rọ̀, títì ń yọ̀, àwọn obìnrin kan sì ṣubú lórí kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀ eré náà tẹ̀ síwájú, Cassandre Beaugrand ọmọ ilẹ̀ Faransé sì borí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti yẹ omi wò kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sínú rẹ̀, ọkọ̀ àwọn olùṣọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ pé "ó tó" kò sí lára àwọn tí ń díje. Ní Òde Ugbò, a ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà ni. Àwa ni a kò gbọ́ tirẹ̀.

Ìkádìí

Yorùbá tún ní òwe kan tí ó bá ti àkọ́kọ́ mu: "Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ." Òwe méjèèjì kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìwẹ̀ tàbí ìjà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni pé ìmọ̀ kò pé títí ènìyàn yóò fi mọ ìgbà tí kò yẹ kí ó lò ó. Ohun tí eré-ìje onípele mẹ́ta kọ́ ní Hawaii àti ní Taupo láti ọwọ́ ìjì, ó ti wà lẹ́nu àwọn baba wa tipẹ́. Àwa tí a ń kọ́ òwe ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí a ń pín in sí ìsọ̀rí, tí a ń ṣe ìtúpalẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má baà dà bí òmùwẹ̀ tí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Mo gbà pé irú ìdíje yìí yẹ ilẹ̀ odò wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Akinrodoye Samuel lúwẹ̀ẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì Afárá Kẹta ní Èkó, ìyẹn kìlómítà 11.8. Ọmọ Ìlàjẹ tí ó lè ṣe irú rẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìwẹ̀ àti ọkọ̀ parí nígbà tí ara ṣì le, kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì máa tẹ̀ lé àwọn eléré, kí àgbà kan tí ó mọ omi sì ní àṣẹ láti dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ní ìsinmi tó kọjá, àbúrò mi bi mí pé nígbà wo ni a ó parí eré wa, nítorí ẹrẹ̀ etíkun ṣì ń dúró dè wá. Ọkàn mi kọ́kọ́ fò. Lẹ́yìn náà mo ní kí a lọ bi Bàbá àgbà léèrè. Ó wo ojú sánmà fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí a padà wá ní oṣù Kejìlá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì padà sílé.